Ẹ́ńjìnì Ẹlẹ́nu Mẹ́rin: Bí Mo Ṣe Fi Ọdún Mẹ́tàlélógójì Tọ́jú Èémí Ọkọ̀

Ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi kò ká dáadáa mọ́. Bí mo bá fẹ́ bu òkèlè, àwọn ìka yòókù ni mo fi ń bù ú, òun á na gbọnrangandan bí ẹni tó ń tọ́ka sí nǹkan. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fi rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìka yẹn ti di sípánà mú fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Bó bá ní òun fẹ́ sinmi báyìí, kò ṣẹ̀.

Orúkọ mi ni Ràsákì. Ọmọ Ìkirè ni mí, ṣùgbọ́n Ìfọ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, Ìbàfọ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, Mòwé ni mo kọ́lé sí tí mò ń gbé báyìí. Mẹkáníìkì ni mí. Kì í ṣe gbogbo ara ọkọ̀ ni mo mọ̀ jù. Ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí ni tèmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé girama, bi mí láìpẹ́ yìí pé, “Bàbá, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ṣì lè gbé èèyàn dé ibì kan láyé òde òní?” Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó. Ohun tí mo rò náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, fún òun àti fún ẹnikẹ́ni tó bá wà ní oríta tó wà.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi kò gùn láti sọ. Bàbá mi mọ ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n. A wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìbàdàn, a sọ̀ ní Ìfọ̀, wọ́n fà mí lé Ọ̀gá Sàláwù lọ́wọ́, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, ó parí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Owó oúnjẹ tí wọ́n ń fún mi nígbà náà kò tó ohun tí èèyàn ń ròyìn, ẹ jẹ́ ká gbójú kúrò níbẹ̀.

Ènìyàn pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Ọ̀gá Sàláwù, kì í sì í pariwo. Ohun tó mú kí ó le nìyẹn. Ọ̀gá tó bá ń pariwo, èèyàn á mọ ìgbà tí ìbínú rẹ̀ bá parí. Tirẹ̀, wíwò ni. Iṣẹ́ kabúrétọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ láti Ìfọ̀ títí dé Àgbàdo. Kabúrétọ̀ ni ohun tí ọkọ̀ ìgbà yẹn fi ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ inú ẹ́ńjìnì. Ọ̀gá mi a máa sọ pé ẹ́ńjìnì dà bí èèyàn: bí kò bá rí èémí mí, oúnjẹ yòówù tí o bá gbé fún un, kò lè ṣiṣẹ́.

Odindi ọdún kan, n kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Fífọ̀ ni mò ń fọ̀. Mo ń fi epo fọ kabúrétọ̀, mo ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn ihò wínníwínní inú rẹ̀, mo ń to ẹ̀yà rẹ̀ sórí aṣọ funfun kan bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Aṣọ yẹn gbọ́dọ̀ funfun. Bó bá dọ̀tí, ọ̀gá kò ní jẹ́ kí n to nǹkan sórí rẹ̀ títí n ó fi lọ fọ̀ ọ́, tí n ó sá a, tí yóò sì gbẹ. Mo rò pé ó kàn fẹ́ fìyà jẹ mí ni. Mo kọ lẹ́tà sí bàbá mi pé kí wọ́n wá mú mi. Wọ́n dá a padà pé, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, kí n jókòó sójú kan.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀tì kékeré kan dàwátì. Ọ̀gá ń to kabúrétọ̀ ọkọ̀ oníbàárà kan padà, oníbàárà náà wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo agogo. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló yẹ kó wà lórí aṣọ, mẹ́ta ni ọ̀gá rí.

“Ràsákì, ẹ̀kẹrin dà?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó já bọ́ sílẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n mú òmíràn wá nínú agolo.”

“N kò béèrè òmíràn. Mo ní, èyí dà?”

Oníbàárà ní kí wọ́n jọ̀ọ́, pé nọ́ọ̀tì kan kò tó nǹkan.  Ọ̀gá gbé sípánà sílẹ̀, ó jókòó. Ó ní kí wọ́n gbé ajọ̀ fún mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọ iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń jọ èlùbọ́. Ó tó wákàtí méjì, n kò rí i. Ìgbà náà ni ọ̀gá dìde, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ẹ́ńjìnì, ó ki irin òòfà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó sì fa nọ́ọ̀tì náà jáde. Bí a bá ti ṣáná sí ọkọ̀ yẹn ni, nọ́ọ̀tì ìbá ti wọ inú lọ, ìbá sì fọ́ písítìnì.

Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní, “Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ti èèyàn àti ti ẹ́ńjìnì, ọ̀kan náà ni. Ohun tí o kò bá rí, má sọ pé ó já bọ́ sílẹ̀. Sọ pé o kò rí i.”

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi gan-an. Àwọn ọkọ̀ kan wà nígbà náà tó ní kabúrétọ̀ méjì, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ máa mí bákan náà. Ó gé rọ́bà oníhò tó gùn tó apá kan, ó fi ẹnu kan sí etí mi, ó fi ẹnu kejì síbi kabúrétọ̀ kìíní.

“Kí lo gbọ́?”

“Ariwo afẹ́fẹ́ ni, sà.”

Ó gbé e sí èkejì. “Èyí ńkọ́?”

“Bákan náà ni, sà.”

Ó gba rọ́bà lọ́wọ́ mi. “Padà síbi ìfọ̀.”

Oṣù mẹ́rin ló fi ń bi mí ní ìbéèrè kan náà kí etí mi tó là. Ọ̀kan ń súfèé, èkejì ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Lọ́jọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kò yìn mí. Ó kàn na sukudiráfà sí mi, ó sì lọ jókòó.

Òfin kan tún wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú. Sípíríǹgì ló ń dá ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ padà, tí ó fi ń tì, nígbà tí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ọ̀gá kì í fi ẹyọ kan síbẹ̀ láéláé, méjì ni, bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ bá ẹyọ kan wá láti òkè òkun. “Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń ṣọ́ ọ.” Bí a bá ní kò sí àyè, á ní kí a wá àyè.

Mo lo ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, mo dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Ìbàfọ̀, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Mo fẹ́ Rámọ́tà, tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì. Ọlọ́run fún wa lọ́mọ, Kúdíráàtì ni àkọ́bí. Mo dúpẹ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ìgbà tí ayé mi kọ́kọ́ fẹ́ dàrú ni ìgbà tí kabúrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tòkunbọ̀ tó ń wọlé dé kò lò ó mọ́. Nọ́sù ló ń fọ́n epo nínú wọn, àpótí kékeré kan tí a ń pè ní ọpọlọ ọkọ̀ ló sì ń pàṣẹ fún nọ́sù. Oníbàárà á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èmi á máa wo inú bí ẹni tó wọ ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ọkọ̀ náà. Mo ń sọ fún èèyàn pé wọn kì í ṣe ọkọ̀ gidi, pé wọn ò ní pẹ́ parẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ló ń parẹ́.

Rámọ́tà ló là mí lójú. Ó ní, “Bàbá Kúdí, nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ oníná dé, ṣé mo bá a jà? Mo lọ kọ́ ọ ni.”

Èmi náà lọ kọ́ ọ. Ọkùnrin kan wà ní Àkútè tó gbọ́ èdè ọpọlọ ọkọ̀, mo fi ọdún mẹ́rìnlá jù ú lọ. Mo jókòó lórí àpótí níwájú rẹ̀, mo ń pè é ní ọ̀gá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú tì mí débi pé n kò lè béèrè nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ti rí i pé ìtìjú kì í tún ọkọ̀ ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè títí ó fi sú u. Ọlọ́run san án fún un. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Oníbàárà mi kan wà ní Mòwé, olùkọ́ ìṣirò, tó ní ọkọ̀ kékeré kan tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní yàrá mẹ́rin tí epo ti ń jó. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi bá a tọ́jú ọkọ̀ yẹn. Nígbà tí olùkọ́ náà kú, wọ́n fi tapólì bo ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Fọlákẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike. Lọ́jọ́ kan ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì gbé fóònù rẹ̀ sí mi lójú.

“Bàbá, ẹ wo ẹ́ńjìnì yìí.”

Mo rí ẹnu mẹ́rin tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n là sílẹ̀ bí ẹnu ọmọ ẹyẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó pọ̀ jù, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ilẹ̀kùn yẹn là ń pè ní tírọ́tù. Bí awakọ̀ bá tẹná, tírọ́tù á ṣí, afẹ́fẹ́ á wọlé, àwọn yàrá inú ẹ́ńjìnì á sì pín in láàárín ara wọn. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó ní ẹ̀rọ tó ń fi tipátipá ti afẹ́fẹ́ wọlé, túbò ni wọ́n ń pè é. Ti Fọlákẹ́ kò ní túbò, fúnra rẹ̀ ló ń fa èémí. Ohun tó fẹ́ ni pé kí n fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní tírọ́tù tirẹ̀, kí ẹ́ńjìnì máa fi ẹnu mẹ́rin mí.

Mo bi í pé, “Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Dádì mi máa ń sọ pé agbára ọkọ̀ yìí ju bó ṣe ń ṣe lọ, pé nǹkan kan ló ń dí i lọ́fun. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni.”

“Ṣé màmá ẹ mọ̀?”

“Màmi ní bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa ṣe é, kò burú. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, àwọn ò gbà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wú mi lórí, mo gbà á.

Oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Ara alùpùpù ńlá kan tó wá láti òkè òkun ni wọ́n ti tú tírọ́tù mẹ́rin tí a rà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì alùpùpù kéré, àwọn ẹnu rẹ̀ sún mọ́ra. Ti ọkọ̀ jìnnà síra. Mo ní láti ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí n fi ọ̀pá irin kan so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa ṣí, kí wọ́n sì jọ máa tì. Ọkùnrin kan tó ń gé irin ní Àgbàdo ló bá wa gé pátákó alumíníọ́mù tí a fi dè wọ́n mọ́ orí ẹ́ńjìnì. Èmi fúnra mi ni mo fi fáìlì ha àwọn ihò rẹ̀ títí ọwọ́ mi fi ń gba inú wọn kọjá láìkọ́ nǹkan kan.

Ní ti ọpọlọ ọkọ̀, Fọlákẹ́ mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá, Kọ́lá, tó ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká sọ fún ọkọ̀ ìwọ̀n epo tó yẹ kó máa fọ́n. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣáná sí i, ẹ́ńjìnì náà ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kọ́lá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní epo ni. Mo ní epo kọ́. Mo gé rọ́bà, mo fi sí etí, mo gbọ́ ẹnu kìíní títí dé ẹ̀kẹrin. Èkejì ń mí ju àwọn yòókù lọ. Mo yí ṣúkúrù rẹ̀ díẹ̀, mo tún gbọ́, mo tún yí i. Gbígbọ̀n náà dín kù. Kọ́lá wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wo rọ́bà ọwọ́ mi.

“Bàbá, ẹ má bínú. Kí lẹ gbọ́ gan-an?”

Mo fi rọ́bà náà sí i létí.

Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì kò tíì dúró pátápátá, etí mi kò sì rí nǹkan mú mọ́. Kọ́lá ló wá rí i. Ó so géèjì mọ́ ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbi rọ́bà tó de ẹ̀kẹrin mọ́lẹ̀. A tú u, a sì rí i pé ó ti là, lílà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọjọ́ yẹn ni òwe náà yé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń pa á fún ogójì ọdún.

Nígbà tí a tún ṣáná sí i, ó ń mí jẹ́jẹ́. Mo ní kí Fọlákẹ́ tẹná díẹ̀. Ohùn tó jáde kì í ṣe ti sàláńsà ẹ̀yìn ọkọ̀. Iwájú ló ti wá, ohùn jíjinlẹ̀ bí ti ẹni tó ń fa èémí sínú kó tó pe orúkọ ẹni tó fẹ́ràn. Àwọn oníṣẹ́ ìtòsí jáde wá wò. Fọlákẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó dúró ti ọkọ̀ náà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo gbé ojú mi sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè ráyè sunkún.

Ibi tí a dé yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ro iṣẹ́ ọwọ́ fara balẹ̀ kà.

Àwọn tírọ́tù yẹn bá sípíríǹgì wá, ẹyọ kan. Ó le. Mo fọwọ́ dán an wò lórí tábìlì, mo ní ó tó. Láti fi èkejì sí i, n ó tún ohun tí mo ti tò tú, kò sì wù mí. Ọ̀gá Sàláwù ti kú nígbà náà, kò sí ẹni tí yóò wò mí. Lọ́jọ́ kẹta tí mò ń dán ọkọ̀ náà wò, tí ẹ́ńjìnì ti gbóná dáadáa, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí tírọ́tù tó tì. Díẹ̀ náà ni, bí ẹni tí wọ́n pè tó lọ́ra láti dáhùn. Mo gbọ́ ọ. Mo sọ fún ara mi pé tuntun ni, yóò rọ̀ bó bá yá. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, Fọlákẹ́ wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, nítorí òun àti àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ fẹ́ pàdé lọ́nà Ìbàdàn. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Kò dé Mòwé. Ó tẹná láti kọjá tírélà kan. Nígbà tó gbẹ́sẹ̀ kúrò, ọkọ̀ kò dín eré kù. Ọ̀pá tí mo fi so ẹnu mẹ́rin pọ̀ ti há. Ooru ti mú kí pátákó alumíníọ́mù fẹ̀ ju ọ̀pá náà lọ, sípíríǹgì kan ṣoṣo kò sì ní agbára tó máa fi já a gbà. Ó tẹ bíréèkì, bíréèkì le bí òkúta, nítorí fífà tí ẹ́ńjìnì ń fa èémí nígbà tí tírọ́tù bá tì ló ń ran bíréèkì lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì kan dúró níwájú rẹ̀ tó ń já èrò. Fọlákẹ́ pa kọ́kọ́rọ́, ó yà kúrò lójú títì, ó sì lọ wọ inú òkìtì iyanrìn àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Iyanrìn yẹn ni Ọlọ́run lò. Apá òsì rẹ̀ kán, egungun èjìká rẹ̀ sì ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò lọ sí i, kò sì gbá ẹnikẹ́ni.

Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ló gbé e jáde, àwọn náà ló pè mí. Ó ti lé ní wákàtí kan kí n tó dé ibẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnì ti tutù. Ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tì pinpin. Mo fọwọ́ yí ọ̀pá, kò há mọ́, ó ń lọ geere bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí.

Sẹ́fíù, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tèmi, ló tẹ̀lé mi lọ. Ó wo inú, ó wo ojú mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọ̀gá Ràsákì, ẹ gbọ́. Kò sí àbùkù níbí. Ọmọ yẹn ló tẹná jù. Ta ló máa sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀?”

Kò sí ẹni tó máa sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ gidi ni Sẹ́fíù, ìfẹ́ ló fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo dúró nínú oòrùn, mò ń ro ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń ro orúkọ tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. N kò ní tàn yín pé kò wù mí láti gbà. Ó wù mí gan-an. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo gbọ́, n kò sì mọ ibi tí mo fẹ́ gbé etí mi sí tí mo bá sọ pé n kò gbọ́ ọ.

Mo gba ọsibítù lọ. Ìyá Fọlákẹ́ wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, Bíbélì wà lórí itan rẹ̀, kò ṣí i. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ju obìnrin náà lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, ó sì fò dìde.

“Bàbá, ẹ dìde. Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?”

N kò dìde. Mo ní, “Ìyá Fọlákẹ́, ọwọ́ mi ni. Sípíríǹgì méjì ló yẹ kí n fi síbẹ̀, mo mọ̀, mo fi ẹyọ kan. Mo gbọ́ pé tírọ́tù ń lọ́ra, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín kò ṣe àṣìṣe kankan.”

 Nọ́ọ̀sì kan kọjá lọ, ó tún padà kọjá. Lẹ́yìn náà Ìyá Fọlákẹ́ rọra jókòó.

“Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ fi bá ọkọ mi tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Ó máa ń sọ pé ẹ kì í parọ́ fún òun. Inú ń bí mi sí yín, Bàbá. Ó máa pẹ́ kó tó tán. Ṣùgbọ́n ẹ dìde nílẹ̀.”

Mo dìde.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sọ fún Rámọ́tà pé iṣẹ́ náà tán. Kò bá mi jiyàn. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹrin ni Fọlákẹ́ wá sílé wa, wọ́n fi aṣọ funfun gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó jókòó tì mí.

“Bàbá, èmi náà gbọ́ ọ.”

“Kí lo gbọ́?”

“Láàárọ̀ yẹn, bí mo ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ́ra. Mo ní kí n padà, mo tún ní n ò fẹ́ pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dúró dè mí. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan.”

Mo ní, “Ìwọ lo ni ọkọ̀. Èmi ni mo ni iṣẹ́.”

“Ẹ wá parí rẹ̀ nígbà náà. Màmi ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ́kọ́ wà á fún oṣù kan gbáko, kí n tó fọwọ́ kàn án.”

Mo tún ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tú. Mo gé ọ̀pá náà sí méjì, mo fi oríkèé sáàárín rẹ̀ tí yóò máa gba ooru mọ́ra. Mo wá àyè fún sípíríǹgì kejì. Kọ́lá fi bọ́tìnì pupa kan sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ awakọ̀ tó lè pa ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Panẹbítà tún iwájú rẹ̀ nà. Lẹ́yìn náà mo wà á fún oṣù kan, Mòwé sí Ìbàfọ̀, Ìbàfọ̀ sí Mòwé, nínú oòrùn àti nínú òjò, èmi àgbàlagbà nínú ọkọ̀ tó ń ké bí kìnnìún. Àwọn ọlọ́kadà ń yà fún mi. Ní gbogbo ibi tí mo bá ti dúró, n ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, n ó fọwọ́ yí ọ̀pá náà nígbà tó gbóná janjan. Kò há. Ibi tí ìka mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í le nìyẹn, nítorí ó jóná níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Àwọn oníbàárà kan sá fún mi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Àwọn tó wá rọ́pò wọn kò wá nítorí ohùn ẹ́ńjìnì. Ìyá Fọlákẹ́ ló ń sọ ohun tí mo sọ ní ọsibítù kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n sì ń wá. Ọkọ̀ mẹ́fà mìíràn ni mo fún ní ẹnu mẹ́rin kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rámọ́tà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Sẹ́fíù pàápàá, tó gbọ́ pé n kò gba ìmọ̀ràn òun tí kò sì bá mi ṣọ̀tá. Òun ló ń lo ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Iṣẹ́ ọwọ́ gbé mi dé ibi tó pọ̀. Ó fún mi ní ilé, ó tọ́ ọmọ mẹ́rin, ó sì jẹ́ kí n mọ irú ẹni tí mo jẹ́ ní ọjọ́ kan tí ǹ bá ti fẹ́ láti má mọ̀.

Ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, Ìyá Fọlákẹ́ pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ìpàdé ẹbí ní Àkútè, Fọlákẹ́ sì wà níbi iṣẹ́.

“Bàbá, ṣé ẹ lè gbé mi lọ?”

Mo ní kí n lọ yá ọkọ̀ ọmọ mi.

“Ọkọ̀ wa wà nílé,” ó wí.

Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti fara pa, kò tíì jókòó nínú ọkọ̀ yẹn. Ó wọlé, ó de bẹ́líìtì, ó gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà. Títí a fi jáde ní àdúgbò wọn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí a bọ́ sójú márosẹ̀, mo tẹná díẹ̀, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, kó lè gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń sọ̀. Mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. 

Nígbà tí a kọjá Ìbàfọ̀, mo bi í bóyá kí n ṣí fèrèsé.  Mo yíjú wò ó. Ìyá Fọlákẹ́ ti sùn lọ fọnfọn, orí rẹ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ti tú kúrò lára àpò. Mo gba apá ọ̀tún títì, mo sì rọra ń wà á lọ, kí n má bàa jí i, títí a fi dé Àkútè.